Bí Wọ́n Ṣe Fi Ìdí Mi Sàmì sí Ààlà Abúlé Gẹ̀ẹ́sì Kan

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó kọjá, ọmọ mi obìnrin ra ẹyin méjìlá ní McDonough níbí, lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà, ní dọ́là mẹ́fà ó lé díẹ̀. Mo bi í bóyá adìẹ tó yé e náà ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti shift dé ni, ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò sì sí ohun tó ń sú nọ́ọ̀sì tí ẹsẹ̀ ń dùn tó bàbá tó fẹ́ sọ iye tí wọ́n ń ta nǹkan nígbà èwe rẹ̀.

Mo sọ ọ́ náà. Ní abúlé tí mo gbé nígbà tí mo ń kàwé ní yunifásítì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣílè mẹ́ta àti sísì ni ẹyin méjìlá. Kò tilẹ̀ sí ẹni tó ń dúró tà á. Ẹni tó ni adìẹ á gbé apẹ̀rẹ̀ ẹyin sí ẹnu géètì, á gbé agolo tì í, á bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ sóko. O mú ẹyin, o sọ owó sínú agolo. Ife bíà ńlá kò tó ṣílè méjì. Yàrá mi, pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú búrẹ́dì tí ìyá onílé fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, pọ́n-ùn mẹ́ta àbọ̀ ni lọ́sẹ̀. Lónìí, pọ́n-ùn mẹ́ta àbọ̀ kò lè ra ife kọfí kan ní abúlé yẹn. Mo mọ̀, nítorí wọ́n ti fi ife kọfí náà hàn mí, bí ẹ ó ṣe gbọ́.

"Daddy," ọmọ mi wí, ó ń bọ́ bàtà, "ẹ ti sọ ti agolo yẹn fún mi tó ìgbà ọgọ́rùn-ún. Ní Atlanta níbí, wọ́n á jí ẹyin, wọ́n á jí owó, wọ́n á jí agolo."

"Wọ́n á jí géètì pẹ̀lú," mo wí.

Ìgbà yẹn ló tó rẹ́rìn-ín.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì sí i ni lẹ́tà dé. Lẹ́tà gidi, nínú àpò ìwé, tí orí ọba wọn wà lára sítáǹbù rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ní òun ni alága ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé abúlé náà. Ó ní àwọn rí àdírẹ́sì mi lára káàdì Kérésìmesì tí mo fi ránṣẹ́ kẹ́yìn sí ìyá onílé mi kó tó kú.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Pápá koríko kan wà ní etí odò, ní ìsàlẹ̀ abúlé. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí sí i. Ìwé àtijọ́ kan sì wà tó sọ pé gbogbo ilẹ̀ tó wà láàárín òkúta ààlà tó kẹ́yìn àti odò, ti ará abúlé ni títí láé, kí ẹran wọn lè máa jẹ níbẹ̀. Ìwé wà. Odò wà. Òkúta ni wọn kò rí. Àwọn tó fẹ́ kọ́lé ní kò sí òkúta kankan níbẹ̀ rí. Ìjọba ìbílẹ̀ fún abúlé ní oṣù mẹ́ta láti fi òkúta náà hàn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, katakata máa wọ pápá.

Wọ́n wá tú ìwé ìrántí tí àlùfáà àtijọ́ ń kọ, wọ́n rí ibì kan níbẹ̀, wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀ sínú lẹ́tà. Ọwọ́ àlùfáà náà ni; mo dá a mọ̀. Ó kọ ọ́ pé ní òkúta ìkẹyìn, àwọn gbá ìdí akẹ́kọ̀ọ́ ará Áfíríkà tó ń gbé lọ́dọ̀ opó oníbúrẹ́dì mọ́ òkúta lẹ́ẹ̀mẹta gẹ́gẹ́ bí àṣà, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ náà fara dà á tayọ̀tayọ̀.

Irọ́ ni àlùfáà pa. N kò fara dà á tayọ̀tayọ̀.

Alága ní àwa méje la dé ìdí òkúta náà lọ́jọ́ yẹn, àwa méjì péré ló sì kù láyé. Wọ́n ti lọ bi ẹnì kejì ní ilé àwọn arúgbó tó wà. Ó sọ fún wọn pé inú òkun ni òkúta náà wà. Ó wá ku èmi.

Lẹ́tà kékeré kejì wà nínú àpò ìwé kan náà. Ọmọbìnrin ìyá onílé mi ló kọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn; ó ti lé ní ọgọ́ta báyìí, òun nìkan ló sì kù nínú àwọn tí mo mọ̀ ní abúlé. Ó ní nígbà tí ìyá òun kú, wọ́n sun òkú rẹ̀ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe fẹ́, wọ́n sì fọ́n eérú rẹ̀ sí pápá etí odò. Kò sí sàárè, kò sí òkúta tí wọ́n kọ nǹkan sí. Pápá yẹn nìkan ni. "Bí wọ́n bá kọ́lé síbẹ̀," ó kọ ọ́, "abẹ́ kọnkéré ni Màmá máa wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí."

Mo ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì, mo ká a, mo fi sínú Bíbélì.

Mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ilé ìkẹ́rùsí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé McDonough, màlúù ń jẹko lápá ọ̀tún ọ̀nà wa. Lónìí, ilé funfun gbọọrọ kan tí kò ní fèrèsé ló wà níbẹ̀, tírélà ń wọlé, tírélà ń jáde bí ìjàlọ. Mo bi aládùúgbò wa kan léèrè bóyá ó rántí àwọn màlúù náà. Ó ní bóyá ìlú mìíràn ni mo ti rí wọn.

Ẹgbẹ́ náà fi ìwé pélébé kan ti lẹ́tà wọn, ìtàn abúlé, pẹ̀lú àwòrán mèremère. Mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, n kò sì mọ abúlé tí wọ́n ń sọ. Gbogbo ibi tí mo mọ̀ ni wọ́n ti gbé pátákó sí. Pátákó wà níbi kànga, pé níhìn-ín ni kànga wà. Wọ́n ti dí kànga, ṣùgbọ́n pátákó wà. Pátákó wà níbi tí alágbẹ̀dẹ ti ń rọ irin. Ọmọ ọmọ alágbẹ̀dẹ náà, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìyá onílé ṣe sọ fún mi lẹ́yìn náà, ń gbé lókè ṣọ́ọ̀bù oní-táyà ní ìlú ńlá tó wà nítòsí, nítorí agbára rẹ̀ kò ká owó ilé ní abúlé bàbá ńlá rẹ̀. Ilé ìyá onílé mi, tí òjò máa ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì mi láti igun méjì, wọ́n ti ń fi í háyà fún àwọn àlejò òpin ọ̀sẹ̀. Alẹ́ kan níbẹ̀ tó owó yàrá mi fún ọdún kan. Ìwé náà ní wọn kò pààrọ̀ òrùlé rẹ̀, kí adùn àtijọ́ má bàa lọ. Adùn yẹn ti kán sí mi létí rí.

Ẹ̀yìn ìwé náà ni wọ́n ti sọ ẹni tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́. Mẹ́jọ ni wọ́n, kò sí ọ̀kan tí wọ́n bí ní abúlé. Alága ti ṣiṣẹ́ báńkì ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọgbọ̀n ọdún, òun ló sì dé abúlé kẹ́yìn nínú wọn. Akọ̀wé ti ń yọ eyín fún àwọn ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà. N kò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Àwọn tí wọ́n bí ní abúlé kì í ní àyè láti fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ló máa ń pọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti yunifásítì. Ìtàn ni mo kà. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa kan máa ń dúró síwájú, ọwọ́ nínú àpò ṣòkòtò, á ní ohun tí a bá kọ sílẹ̀ ni ìtàn. Àwọn tó jẹ́ pé ẹnu àgbàlagbà nìkan ni wọ́n gbójú lé, wọn kò ní ìtàn, àlọ́ ni wọ́n ní. Èmi nìkan ni ọmọ Áfíríkà nínú kíláàsì náà. Á yíjú sí mi, á ní, "Kì í ṣe pé mo ń bú ẹnikẹ́ni." Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi. Mo kọ ọ́ nínú ìdánwò, wọ́n sì fún mi ní máàkì. Mo tilẹ̀ fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Ìkirè, ìlú mi, fún ọdún mélòó kan kí ojú tó tì mí. Ó wá di pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó ìwé jọ títí, ìwé kò rí òkúta, wọ́n wá ránṣẹ́ sí àgbàlagbà kan ní Atlanta.

Mo sọ ọ́ fún Àlàájì. Àlàájì ni ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ní College Park. Ó fi ọdún mẹ́tàlélógún kó ẹrù sínú bàálù kó tó fẹ̀yìn tì. Mo fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ, nítorí náà Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí, pàápàá nígbà tó bá fẹ́ bú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó yé mi. Òyìnbó mẹ́fà gbé yín, wọ́n gbá yín mọ́ òkúta."

"Mẹ́rin ló gbé mi. Àlùfáà ń gbàdúrà, ìyá onílé gbé búrẹ́dì dání."

"Kí lẹ ṣe fún wọn?"

"N kò ṣe nǹkan kan. Kí n lè rántí ibi tí ààlà wà ni."

"Ṣé wọn ò ní bírò ni?"

Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe ń ṣàlàyé fún yín yìí. Láyé àtijọ́, kò sí máàpù ní abúlé yẹn. Ní ọ̀sẹ̀ Ìgòkè Re Ọ̀run, àlùfáà á kó àwọn ènìyàn jọ, wọ́n á yí gbogbo ààlà ká, pàṣán lọ́wọ́. Bí wọ́n bá dé ìdí òkúta ààlà kan, wọ́n á nà án ní pàṣán. Wọ́n á sì mú ẹnì kan tó kéré tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé abúlé, wọ́n á gbé e lápá lẹ́sẹ̀, wọ́n á gbá ìdí rẹ̀ mọ́ òkúta náà lẹ́ẹ̀mẹta. Èrò wọn ni pé orí lè gbàgbé, ìdí kò ní gbàgbé. Ẹni tí wọ́n gbá lónìí ló máa jẹ́ ẹlẹ́rìí lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún.

"A ní pèrègún," Àlàájì wí.

Òótọ́ ni, a ní pèrègún. Bàbá mi gbin pèrègún sí ààlà oko kòkó rẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ náà gbin tirẹ̀, láàárín ọdún méje pèrègún méjèèjì sì ti rìn sínú oko ara wọn. Nígbà tí ẹjọ́ dé iwájú ọba, àgbàlagbà mọ́kànlá ni wọ́n pè, ọ̀rọ̀ ẹnì kan kò sì bá ti ẹnì kejì mu. Bóyá bí wọ́n bá ti gbá ọ̀kan nínú wọn nídìí, ẹjọ́ náà ì bá ti yá.

Ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, bí ogójì ènìyàn la jáde láti ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ ìyá onílé wà nínú wọn pẹ̀lú ajá rẹ̀. Ní òkúta kẹta, bàtà ha á lẹ́sẹ̀, ìyá rẹ̀ ní kó padà sílé. Ó sunkún títí a fi wọ inú igbó, a ṣì ń gbọ́ igbe rẹ̀ lẹ́yìn igi. Ní òkúta kẹrin, ọ̀nà kọjá ní ẹnu ilé ọtí. Àwọn ọkùnrin ní àwọn fẹ́ mu omi díẹ̀. A kò rí mọ́kànlélógún nínú wọn mọ́. Ní òkúta kẹfà, òjò bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a fi máa dé òkúta ìkẹyìn ní pápá etí odò, a ku méje: àlùfáà, alágbẹ̀dẹ, ẹlẹ́ran, olùkọ́ ilé-ìwé, ọmọ ẹni tó ń pín mílíìkì, ìyá onílé mi àti èmi.

Kò sí ọmọdé kankan láti gbá. Gbogbo wọn wò mí.

Àlùfáà yẹn mọ̀wà hù. Ó bọ́ fìlà, ó ní, "Ṣé inú rẹ kò ní bàjẹ́ tó bá jẹ́ pé ìwọ ni a gbá?"

Ní ilẹ̀ wọn, ìbéèrè ni ìyẹn. Ẹni tí kò bá fẹ́ á dúpẹ́, á ní òun kò fẹ́. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, tí àgbàlagbà bá bọ́ fìlà tó bẹ̀ ọ́, ó ti parí náà nìyẹn. Mo ní, "Rárá o, sà. Inú mi máa dùn." Wọ́n gbà mí gbọ́.

Alágbẹ̀dẹ àti olùkọ́ mú apá mi, ẹlẹ́ran àti ọmọ onímílíìkì mú ẹsẹ̀. Àkọ́kọ́ rọra. Ìkejì kò fi bẹ́ẹ̀ rọra. Ní ti ẹ̀kẹta, ẹlẹ́ran ti rántí iṣẹ́ rẹ̀, ó fì mí bí ẹni tó fẹ́ ju itan màlúù sórí tábìlì. Nígbà tí wọ́n gbé mi dìde, n kò mọ ohun tí ènìyàn ń ṣe lẹ́yìn irú nǹkan báyẹn, mo bá dọ̀bálẹ̀ fún àlùfáà nínú koríko tútù. Alágbẹ̀dẹ rò pé ẹ̀yìn mi ti kán. Ó gbé mi, ó sáré. Ìyá onílé mi ń sáré tẹ̀ lé e, ó ń ju búrẹ́dì nù, ó ń pariwo pé kí ó gbé ọmọ òun sílẹ̀.

Ọmọ òun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni mo tíì lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi dúró gbọ́ lẹ́kíṣọ̀. Lójoojúmọ́ ló ń fi aṣọ kékeré rán ìrọ̀rí fún àga mi, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi mí ṣẹ̀sín nínú ilé náà, àfi òun.

Ọdún yẹn ni wọ́n rin ààlà náà kẹ́yìn. Àlùfáà kú, wọ́n fún ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì márùn-ún láti máa bójú tó, kò sì ní àyè àtina òkúta. Odò kún bo pápá lọ́pọ̀ ìgbà. Òkúta wọlẹ̀.

Mo kọ èsì pé mo rántí. Ọmọ mi ka ohun tí mo kọ, ó jókòó tì mí.

"Daddy, ẹ má lọ jẹ́rìí sí nǹkan tí kò dá yín lójú. Àná, ẹ wá awò yín káàkiri ilé."

"Mo rí i."

"Orí yín ló wà, sà."

Ó ń bà mí lẹ́rù, n kò purọ́. Ẹ̀rù pé kí n dé ibẹ̀ kí n máà rántí ju ti ìdí dídùn lọ. Bí mo bá kùnà, n kò ní san nǹkan kan. Mo wà ní McDonough, mò ń jẹ ẹyin olówó gọbọi. Ìyá tó rán ìrọ̀rí fún mi ni wọ́n máa da kọnkéré lé lórí.

A ṣe é lórí fídíò fóònù, kí n lè máa tọ́ wọn sọ́nà nínú pápá láti ibi tí mo wà, ní ọjọ́ Sátidé kan, agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ níbí, agogo méjì ọ̀sán lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ mi gba ọjọ́ náà níbi iṣẹ́. Ó fi páálí ẹyin ti fóònù lẹ́yìn kí ó lè dúró. Àlàájì wá láti College Park pẹ̀lú fìlà tuntun, bí ẹni ń lọ kóòtù, ó sì jókòó síbi tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ti máa rí fìlà náà.

Alága kọ́kọ́ fi ilé ọtí hàn mí, tó ti di ilé kọfí. Ó gbé ife tirẹ̀ sókè. Mo bèèrè iye rẹ̀. Ó ní pọ́n-ùn mẹ́rin. Ọmọ mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì kí n má bàa sọ ti agolo.

Obìnrin gíga ni alága, ọlọ́yàyà ni, bàtà rọ́bà rẹ̀ ń dán bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú páálí. Ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń dán bẹ́ẹ̀. Mo rántí bàtà alágbẹ̀dẹ, tó fi táyà kẹ̀kẹ́ lẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan wà pẹ̀lú wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin, ìwé lọ́wọ́. Ó ní ní ọjọ́ Mọ́ńdè ni oṣù mẹ́ta náà pé. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni mo rí obìnrin kan tó fi ọ̀pá rìn, irun rẹ̀ funfun. Ó kàn gbé ọwọ́ sókè sí mi, ọwọ́ ìyá rẹ̀ gan-an.

"Ẹ kọjá afárá pákó," mo wí.

"Kọnkéré ni báyìí," alága wí.

"Ẹ kọjá kọnkéré. Ẹ yà sí òsì níbi igi óákù ńlá."

"Kò sí igi óákù níbí."

"Ìjì ló wó o," ọmọ ìyá onílé wí láti ẹ̀yìn. "Mo lóyún ọmọ mi kejì nígbà náà."

"Kò sí nínú ìwé wa pé igi óákù wà níbí rí," alága wí.

"Ìwé yín kò bá wa rìn lọ́jọ́ náà, màdáàmù."

Àlàájì fi ìgúnpá gún mi. "Ẹ rọra, Ẹ̀gbọ́n. Àwọn yìí mọ bí wọ́n ṣe ń gbá ènìyàn."

Wọ́n rìn lọ, wọ́n rìn bọ̀. Koríko lásán ni mò ń rí, gbogbo rẹ̀ rí bákan náà. Mo ní kí wọ́n gbẹ́lẹ̀ níbì kan, wọ́n gbẹ́ ẹ, ẹrẹ̀ ni. Mo ní níbòmíràn, ẹrẹ̀. Ìdajì wákàtí kọjá. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo aago rẹ̀, ó ní, "Ó ti pẹ́ gan-an, sà. Kò sí ẹni tó máa bá yín wí." Ohùn rẹ̀ tútù, ìyẹn ló dùn mí jù. Mo rí ọmọ ìyá onílé tó gbójú sílẹ̀, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ tún koríko ṣe níbi tí wọ́n gbẹ́.

Mo di ojú.

"Daddy, ṣé ẹ ti sùn ni?"

N kò sùn. Ẹ̀yìn mi ni mo fi lélẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, ọwọ́ mẹ́rin dì mí mú, òjò ń rọ̀ sí mi lójú. Wọ́n gbé mi sókè. Ní òkè, láàárín ẹsẹ̀ mi méjèèjì, mo rí ilé ọlọ tí wọ́n ti ń lọ ọkà ní abúlé, mo rí ọ̀pá èéfín rẹ̀ méjì, àti láàárín ọ̀pá èéfín méjèèjì náà, góńgó bí ẹyin nínú ife, àkùkọ onírin tó wà lórí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gbá mi mọ́lẹ̀, àkùkọ wọ ẹ̀yìn òrùlé. Wọ́n gbé mi, àkùkọ yọ. Wọ́n gbá mi, àkùkọ wọlé. Lẹ́ẹ̀mẹta ni mo rí i, lẹ́ẹ̀mẹta ni mo pàdánù rẹ̀.

Mo la ojú. "Ilé ọlọ ńkọ́?"

"Ó wà," alága wí, inú rẹ̀ dùn. "Òfin kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹgbẹ́ wa ló jà fún un."

"Ọ̀pá èéfín méjèèjì?"

"Wọ́n wà."

Mo dárí gbogbo pátákó wọn jì wọ́n lójú kan náà. Mo sọ ohun tó kù fún wọn. Ẹni tó bá dúró sórí ìlà tó tọ́ máa rí àkùkọ láàárín ọ̀pá èéfín méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìlà náà gùn. Ibi tí òkúta wà ni ibi tí wọ́n bá gbé ènìyàn sókè tó rí àkùkọ, tí ìdí rẹ̀ bá kan ilẹ̀ tí kò rí i mọ́. Nítorí náà, wọ́n ní láti gbé ẹnì kan.

Akọ̀wé ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ọmọ ìyá onílé ní òun ṣe tán. Wọ́n wo ọ̀pá rẹ̀, wọ́n ní rárá.

"Mo rò pé alága ni," mo wí. "Òun ló dé abúlé kẹ́yìn nínú yín, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Inú yín kò ní bàjẹ́, màdáàmù?"

Gẹ̀ẹ́sì ni, ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Ó kó kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ fún akọ̀wé. "Rárá," ó wí. "Inú mi máa dùn."

Mẹ́rin nínú wọn gbé e, ọ̀dọ́mọkùnrin ìjọba ìbílẹ̀ mú ẹsẹ̀ kan, ó ti ìwé rẹ̀ bọ ẹnu. Ní ibi àkọ́kọ́, alága ní òun rí àkùkọ ní òkè àti ní ìsàlẹ̀. Wọ́n sún mọ́ ilé ọlọ. Wọ́n tún gbá a. Ó ṣì rí i. Níbi kẹta, ó ní òun kò rí i rárá. Wọ́n sún sẹ́yìn díẹ̀.

"Mo rí i," ó wí ní òkè. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. "Mi ò rí i."

"Ẹ tún ṣe é," Àlàájì wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àṣà."

Ọmọ mi fi aṣọ bo ẹnu. Mo mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan tó, ṣùgbọ́n n kò dá wọn lẹ́kun.

Nígbà tí wọ́n gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó tó gíga orúnkún kí ṣọ́bìrì tó dún. Gbogbo wa gbọ́ ọ, títí dé McDonough. Wọ́n fi ọwọ́ kó ẹrẹ̀ kúrò. Òkúta eléérú ni, kò tóbi ju àpótí ìjókòó lọ, àmì àgbélébùú ni wọ́n gbẹ́ sí i lórí. Alága wà lórí eékún nínú ẹrẹ̀, bàtà rẹ̀ kò dán mọ́, ojú rẹ̀ ń dán. Ọmọ ìyá onílé rọra fi ọ̀pá rẹ̀ lélẹ̀, ó jókòó sórí òkúta náà, ó sì wo ilé ọlọ.

"Mi ò débí lọ́jọ́ yẹn," ó sọ fún mi. "Bàtà ló ha mí lẹ́sẹ̀."

"Mo rántí," mo wí. "A gbọ́ ẹkún rẹ títí."

Lẹ́yìn oṣù méjì, ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀wé pé ti abúlé ni pápá náà. Ilé-iṣẹ́ yẹn ti wá ibòmíràn lọ; Àlàájì ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ McDonough ni wọ́n ń bọ̀. Ẹgbẹ́ ti gbé pátákó sí ìdí òkúta. Ó ní àwọn baba ńlá abúlé ló tọ́jú ibẹ̀ láti ìran dé ìran. Mo ka fọ́tò pátákó náà, mo wá baba ńlá kan láti Ìkirè níbẹ̀, n kò rí i.

Lọ́dún yìí wọ́n fẹ́ tún ààlà rìn, pẹ̀lú pàṣán. Alága kọ̀wé pè mí wá, ó sì ní kí n kọ ohun tó dé bá ọ̀kọ̀ọ̀kan àwa méje, kí wọ́n lè kà á sókè ní ìdí òkúta. Ohun tí mo kọ padà nìyí.

Àlùfáà ti kú. Ọdún kejì sí ọjọ́ náà ni. Alágbẹ̀dẹ ti kú, kò sì sí ẹni tó rọ irin lẹ́yìn rẹ̀. Ẹlẹ́ran ti kú. Mo dárí jì í. Olùkọ́ ti kú ní ìlú tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni. Ọmọ onímílíìkì wà láàyè ní ilé àwọn arúgbó, ó rò pé létí òkun ni òun wà. Ẹ lọ kí i, ẹ má jà á níyàn. Ìyá onílé mi wà ní pápá. Èmi wà láàyè, n kò lè wá, ẹsẹ̀ kò gbé mi mọ́ àti pé dókítà kò fẹ́ kí n wọ bàálù. Ọmọ ìyá onílé kò sí lára àwa méje, ṣùgbọ́n ó wà láàyè. Ẹ kọ ọ́ mọ́ wa. Ẹ bá a wá bàtà tí kò ní ha á lẹ́sẹ̀.